Sójà Tí Abúlé Gbé Pamọ́

  

Ní ọ̀sẹ̀ ìrántí àwọn ọmọ ogun wa yìí, ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìgbé ayé ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, sójà tí kò ní ìràwọ̀ léjìká. Inú mi dùn pé ẹ kò ní kí n wá sọ ìtàn ọ̀gágun. Ọ̀gágun kò ṣaláìní òpìtàn. Orúkọ ọ̀gágun kan ni pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ń jẹ́, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí ogún náírà tó wà nínú àpò yín. Ní Satellite Town níbí pàápàá, orúkọ ológun tó ṣèjọba lórí Èkó ni a fi ń pe ọ̀kan nínú àwọn ojú ọ̀nà wa tó tóbi jù. Èwo nínú àwọn òpópónà wa ló ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ru àpótí ọta gun òkè lábẹ́ òjò? Mi ò tíì rí i.

Bẹ́ẹ̀ ni àárín ológun ni a ń gbé. Navy Town ni aládùúgbò wa, bárékè Ọ̀jọ́ sì wà ní ojú ọ̀nà Badagry tí a ń gbà lójoojúmọ́. Ẹ tún wo orúkọ àwọn bárékè tó wà káàkiri Èkó. Ní Ápápá, Arakan ni. Ní Ọ́bálẹ́ndé, Dodan ni. Ní Yábà, Myohaung ni. Ẹ kọjá sí Ìbàdàn, ẹ ó bá Letmauk. Àgbègbè àti ìlú ní ilẹ̀ Bọ́mà ni gbogbo wọn, níbi tí àwọn bàbá àti bàbá-bàbá wa ti jagun ní 1944 àti 1945. Abalti tó wà ní Ojúẹlẹ́gba ní tirẹ̀, ilẹ̀ Ẹtiópíà ni orúkọ yẹn ti wá. Àwọn sójà wa bá àwọn ará Ítálì jà níbẹ̀ ní 1941. Àní nọ́ńbà 81 tí ẹ̀ka ọmọ ogun tó wà ní Èkó ń jẹ́ lónìí, ogún ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1943 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá division tí wọ́n pè ní 81 yẹn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n kó àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia jọ sínú rẹ̀. Àmì tí wọ́n rán mọ́ apá aṣọ wọn ni aláǹtakùn dúdú, Ananse tí àwọn ará Gold Coast fi ń pa àlọ́. Ká ní ọwọ́ Yorùbá ni yíyan àmì wà ni, ó dá mi lójú pé ìjàpá ni ìbá wà níbẹ̀.

A tọ́jú orúkọ ibi tí wọ́n ti jà, a kò tọ́jú orúkọ àwọn tó jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ lo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fún ẹnì kan ṣoṣo. Isaac Fadoyebo lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀mùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀ ni, ọdún 1925 ni wọ́n bí i. Ọmọdé ló wọṣẹ́ ogun, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọmọdé. Bó bá dàgbà nínú ìtàn, màá bọ̀wọ̀ fún wọn.

Ọmọ ọdún 16 ni Isaac nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta ní 1942. Kò gbàṣẹ lọ́wọ́ bàbá, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ìyá. Bí a bá ń gbọ́ báyìí, a máa ń rò pé ìwà agídí ni. Ẹ rántí bí ayé ṣe rí nígbà náà. Ọmọ tó ti ka ìwé díẹ̀ ní ìgbèríko, kí ló wà níwájú rẹ̀? Iṣẹ́ olùkọ́ tí owó rẹ̀ kéré, tàbí oko. Ìjọba ń polongo kiri pé Hitler ń bọ̀ wá kó aláwọ̀ dúdú lẹ́rú. Sójà ń gba owó oṣù, ó ń wọ bàtà, ó ń rí ìlú tí bàbá rẹ̀ kò rí rí. Àwọn kan wà tí ọba àti baálẹ̀ fà sílẹ̀ nítorí pé àwọn òyìnbó béèrè iye ènìyàn kan. Ní ọdún 1942 yẹn kan náà, ìjọba ń fipá kó ènìyàn láti lọ wa tánganran ní Jọ́ọ̀sì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ni wọ́n kó lọ síbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí bárékè lè rò pé òun ló yan tòun.

Nítorí pé ó mọ̀wé, wọn kò fi í sínú àwọn tó ń dojú ìbọn kọ ọ̀tá. Wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, bí a ó ṣe fọ ojú ọgbẹ́, bí a ó ṣe di í, bí a ó ṣe gbé ẹni tí egungun rẹ̀ dá. Ẹni tó bá fẹ́ já mi ní koro lè sọ pé ẹ béèrè ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ mi, nọ́ọ̀sì ni mo gbé wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ru ìbọn nínú division yẹn kò mọ̀wé kọ, àwọn ọ̀gá wọn tí wọ́n jẹ́ òyìnbó ló kọ ìtàn ogun náà. Isaac wà lára àwọn díẹ̀ tó fọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Ohun tó fẹsẹ̀ rìn, àwọn yòókù fẹsẹ̀ rìn ín. Ọta ìbọn tó bà á kò bi í bóyá nọ́ọ̀sì ni.

Ọkọ̀ òkun ló gbé wọn lọ sí Íńdíà, wọ́n yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà po kí wọ́n tó débẹ̀. Nǹkan bíi 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ sí ogun Bọ́mà kó tó parí. Lábẹ́ ọ̀gágun William Slim ni wọ́n wà, nínú ẹgbẹ́ ogun kẹrìnlá. Ibi tí wọ́n rán division 81 sí ni àfonífojì odò Kaladan, ní agbègbè Arakan. Kò sí títì níbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ọkọ́, ṣọ́bìrì àti àdá la ọ̀nà tí jíìpù lè gbà kọjá lórí àwọn òkè, ó tó 75 máìlì, ó sì di ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní Ọ̀nà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ọ̀nà yẹn dópin, orí ni wọ́n fi ru ẹrù.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ẹrù yìí, torí pé nínú ìwé ogun, gbólóhùn kan péré ni wọ́n máa ń fi sọ ọ́. Nínú àwọn ọmọ ogun tó lọ láti ọ̀dọ̀ wa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni kì í ṣe ìbọn ni olórí iṣẹ́ wọn. Aláàárù ni wọ́n, tí wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù. Wọ́n ru àpótí ọta, wọ́n ru ìbọn ńlá tí wọ́n tú sí wẹ́wẹ́, wọ́n ru ìrẹsì, wọ́n ru ẹni tó fara gbọgbẹ́. Division 82 tó tẹ̀lé wọn lọ tilẹ̀ fi òṣùká sí àmì tirẹ̀, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú rẹ̀ kọjá. Òṣùká! Ohun tí ìyá wa ń ṣù sórí kó tó gbé igbá lọ sí ọjà. Mo kà á sí ọ̀kan nínú àwọn àmì ogun tó sọ òtítọ́ jù lọ láyé, nítorí ó gbà pé ẹni tó ń ru ẹrù wà nínú ogun gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń yìnbọn.

Kò sí ọjà, kò sí oko tó tó wọn jẹ. Ọkọ̀ òfurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn látòkè, division yìí sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú bọ́ pátápátá lójú ogun. Bí ìkùukùu bá bo òkè, ebi nìyẹn. Bí ẹrù bá já sí ọ̀dọ̀ ọ̀tá, ebi nìyẹn. Eṣúṣú ń wọ bàtà wọn. Ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, wọ́n sì ń mu oògùn ibà aláwọ̀ yẹ́lò lójoojúmọ́. Òjò ilẹ̀ yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ti rí àgbàrá oṣù kẹfà ní Satellite Town, ẹ gbé e lọ sórí òkè, kí ẹ sì yọ gbogbo ilé àti gbogbo afárá kúrò. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1944, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí Isaac wà nínú rẹ̀ dúró létí odò Kaladan, ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní Nyron. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ará Japan ti wà nítòsí. Ìbọn dún lójijì. Àwọn kan kú lójú ẹsẹ̀, àwọn kan sá wọgbó, wọ́n mú àwọn kan nígbèkùn. Ọta ba ẹsẹ̀ ọ̀tún Isaac, egungun itan rẹ̀ dá, òmíràn bà á ní ẹ̀gbẹ́ ikùn lápá òsì. Ọmọ ọdún 18 ni. Àwọn sójà Japan rí i nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rí i pé kò lè dìde, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó kú.

Gbogbo ohun tó kọ́ nípa ìtọ́jú ọgbẹ́, kò sí ẹyọ báńdéèjì kan tó lè fi ṣe é fún ara rẹ̀. Àwọn mìíràn tó gbọgbẹ́ bíi tirẹ̀ wà nítòsí, wọ́n ń kú níkọ̀ọ̀kan bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, títí ó fi ku òun àti ọmọ Sierra Leone kan, sájẹ́ńtì tó ń jẹ́ David Kagbo. Àwọn méjèèjì ló wà nínú igbó lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun ọ̀tá, division wọn ti lọ, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n wà láàyè.

Àwọn ará abúlé ló kọ́kọ́ rí wọn. Wọ́n ń yọ́ wá, wọ́n ń gbé ìrẹsì àti omi wá fún wọn. Nígbà tó yá, ìbẹ̀rù àwọn ará Japan mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn dẹ́kun wíwá, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí. Ọkùnrin kan kò dẹ́kun. Shuyiman ni wọ́n ń pè é, àgbẹ̀ ni, Mùsùlùmí ni, ọmọ ẹ̀yà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Rohingya lónìí. Ó fi wọ́n pamọ́ sínú igbó, ó ń bọ́ wọn, nígbà tó yá ó gbé wọn wá sínú ilé ara rẹ̀, sáàárín ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn ará Japan kò jìnnà sí abúlé náà. Bí wọ́n bá ká aláwọ̀ dúdú méjì mọ́ ilé rẹ̀, agbo ilé yẹn ló máa parẹ́. Isaac àti David, tí wọ́n jẹ́ Kristẹni, sọ pé Mùsùlùmí ni àwọn, wọ́n sì ń fara wé ẹni tó ń kírun. Mi ò gbà pé ohun tó mú Shuyiman gbà wọ́n kò ju ẹ̀sìn lọ. Àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ń ṣe ẹ̀sìn kan náà ló fà sẹ́yìn, Shuyiman náà sì ní ẹ̀tọ́ láti fà sẹ́yìn bíi tiwọn.

Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Isaac di arọ lóòótọ́, ó ń fi ìdí wọ́lẹ̀, ó sì gbọ́n, ṣùgbọ́n kò gbọ́ èdè ìlú, kò sì lè jáde lọ fetí kọ́ ohun tó ń bọ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a gbọ́ ọ. Oṣù mẹ́sàn-án ni ogun fi ń bọ̀ tó ń lọ lẹ́nu ọ̀nà, tí etí àgbẹ̀ kan sì ń ṣọ́ ọ fún ọmọ Ẹ̀mùrè-Ilé.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti tún iṣẹ́ ológun wò. Nínú gbogbo ìtàn tí wọ́n sọ fún wa, akọni ni ẹni tó pa. Ẹ wá wo oṣù mẹ́sàn-án tí ọmọkùnrin yìí lò: kò yìnbọn, kò gba òkè kankan, kò gba àsíá ọ̀tá. Ó dùbúlẹ̀. Ó farada ebi, kòkòrò, ọgbẹ́ tí kò jinná, àti àárò ilé. Òun àti David bá ara wọn jà lọ́rọ̀, wọ́n bínú síra, wọ́n tún padà di ọ̀rẹ́ nítorí kò sí ẹlòmíràn. Kò jáwọ́ nínú ayé. Mo kà á sí iṣẹ́ ológun, mo sì kà á sí iṣẹ́ tó le. Bí a bá fẹ́ ìwọ̀n tó tọ́ fún sójà tí kò ní oyè, a ó ka iye ohun tó farada mọ́ ọn, a ó sì ka orúkọ àwọn tó dá a sí. Àpò ìwé ìjọba kò ní àyè fún èyí èkejì yẹn. Kò sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ ọ́ sí pé abúlé wo ló bọ́ sójà wa.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Gurkha, ará Nepal tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà, dé abúlé náà. Wọ́n gbé Isaac àti David. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń padà bọ̀ lójú ọ̀nà Kaladan nígbà náà, tí division 82 sì wà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì gba Myohaung ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1945. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá níwájú bárékè Yábà, ohun tí ẹ ń kà lára pátákó nìyẹn.

Wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ nílé fún àkókò tó pọ̀ débi pé wọ́n ti gbà pé ó ti kú. Ní 1945 ni ó padà dé. Ẹsẹ̀ kò jinná bó ṣe yẹ, ó ń tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó wọṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó fẹ̀yìn tì. Èkó gbà á mọ́ra bó ṣe gba gbogbo wa, kò sì sí ẹni tó jókòó ti í nínú ọkọ̀ tó lè mọ ohun tó wà lẹ́yìn títiro yẹn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni iṣẹ́ ìjọba gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ṣèlérí iṣẹ́, owó àti ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ sójà kí wọ́n tó wọkọ̀. Ní Accra, ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, àwọn tó ti bọ́ aṣọ ogun ń rìn lọ gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ fún gómìnà, láìru ohun ìjà. Ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó kan yìnbọn sí wọn. Sájẹ́ńtì Adjetey, Kọ́pùrù Attipoe àti Odartey Lamptey kú. Japan kò pa wọ́n, ìjọba tí wọ́n jà fún ló pa wọ́n. Gbogbo ìlú dàrú lẹ́yìn rẹ̀, òpìtàn sì gbà pé ikú àwọn mẹ́ta yìí wà lára ohun tó mú òmìnira Ghana yá.

Wọ́n máa ń bi mí pé ogun ta ni wọ́n jà? Kí ló kan Ẹ̀mùrè-Ilé nínú ìjà Gẹ̀ẹ́sì àti Japan? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo rò pé ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn, kì í ṣe nítorí ọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n nítorí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú kòtò, tó ń sọ èdè mìíràn, tó sì ń pín ìrẹsì kan náà pẹ̀lú wọn. Nínú kòtò yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti kọ́kọ́ jẹun pẹ̀lú ọmọ Tiv, tí wọ́n kọ́ èdè Hausa tí àwọn ọ̀gá fi ń pàṣẹ, tí wọ́n sì rí i pé òyìnbó pẹ̀lú ń bẹ̀rù, ó ń ṣàìsàn, ó sì ń kú.

Kí n padà sọ́dọ̀ bàbá Fadoyebo, nítorí wọ́n ti dàgbà báyìí. Wọ́n kọ ìtàn ara wọn sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, láìṣe àsọdùn, bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń kọ ìròyìn. Ọdún 1999 ni Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde, David Killingray tó jẹ́ òpìtàn ló ṣètò rẹ̀. Amẹ́ríkà! Ó dùn mí pé kì í ṣe Ìbàdàn tàbí Èkó. Oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, ka ìwé náà, ó wá bàbá lọ, ó sì mú lẹ́tà ìdúpẹ́ láti ọwọ́ bàbá, ó gbé e lọ sí Bọ́mà ní 2011. Shuyiman ti kú. Ṣùgbọ́n ó rí ìdílé rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ wà láàyè, wọ́n sì ka lẹ́tà náà fún wọn. Ó lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin tí gbèsè ọpẹ́ yẹn fi wà lọ́kàn bàbá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012 ni bàbá Fadoyebo jáde láyé. Phillips ṣe fíìmù lórí rẹ̀, ó sì kọ ìwé kan tó jáde ní 2014.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbé ogun yẹn wọ inú ìwé ìtàn àròsọ ni Bíyì Bándélé tó kú ní 2022. Bàbá rẹ̀ ja ogun Bọ́mà, ohun tó sì gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ nígbà èwe ló di ìwé Burma Boy ní 2007. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ló gbọ́, ọmọ ló kọ. Bí kò bá gbọ́, kò sí ohun tí ì bá kọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò kọjá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, àwọn ọmọ ogun Myanmar, orúkọ tí Bọ́mà ń jẹ́ báyìí, kọlu àwọn Rohingya ní agbègbè Arakan tí wọ́n ń pè ní Rakhine báyìí. Wọ́n jó abúlé, wọ́n pa ènìyàn, àwọn tó sá lọ sí Bangladesh lé ní 700,000. Nígbà tí a gbọ́ ọ lórí rédíò ní Èkó, ó dà bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún wa. Àwọn tó bọ́ ọmọ Ẹ̀mùrè-Ilé fún oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń lé jáde nílé. A jẹ wọ́n ní gbèsè, ó sì yẹ kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ Nàìjíríà ní àjọ àgbáyé mọ̀ pé a jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wálé wàyí, nítorí inú gbọ̀ngàn yìí kì í ṣe ìran ogun Bọ́mà ló kún ún. Ogun abẹ́lé tiwa, láti oṣù keje ọdún 1967 sí ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970, òun ni a fi ọjọ́ ìrántí yìí sọrí. Nígbà tí ogun yẹn bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi 10,000 ni gbogbo ọmọ ogun Nàìjíríà. Nígbà tó parí, wọ́n ti tó nǹkan bíi 250,000. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú agbo ilé. Àwọn telọ, awakọ̀, káfíńtà, ọmọ iléèwé, ni wọ́n kọ́ ní ìbọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n sì tì lọ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní òdìkejì náà, bóyá ó tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn ọ̀dọ́ Biafra kan lọ sójú ogun láìní ìbọn tí yóò kárí wọn.

Àdúgbò wa yìí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àdúgbò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Festac tí wọ́n kọ́ fún àjọ̀dún 1977, tí àjọ̀dún náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní gan-an, ọdún méje géérégé lẹ́yìn tí ogun parí, ti di ilé fún Yorùbá àti Igbo, fún Àwórì tó ni ilẹ̀, fún Edo, Ijaw, Urhobo. Ní òpópónà kan náà, o lè rí bàbá kan tó jà fún ìjọba àpapọ̀ ní ìhà Port Harcourt, kí o sì rí bàbá kejì tó dojú ìbọn kọ ọ́ láti apá kejì. Wọ́n jọ ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ọ̀kan ní àǹfààní péńṣọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pẹ́ dé, òmíràn kò ní. Ní 2000, ìjọba Ọbásanjọ́ yí ìwé ìlékúrò tí wọ́n fún àwọn ológun tó lọ bá Biafra padà sí ìfẹ̀yìntì. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí ètò yẹn kàn ni àwọn tí orúkọ wọn ti wà nínú ìwé iṣẹ́ ológun kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 tí wọ́n kó láti abúlé sínú ẹgbẹ́ ogun Biafra kò sí nínú ìwé kankan. Ní ojú tèmi, sójà ni òun náà. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mi kan sílẹ̀, ẹ gba ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí nínú ìwé yìí kò tíì tán níbì kankan láyé. Ní Taukkyan, nítòsí Rangoon, wọ́n fín orúkọ nǹkan bíi 27,000 ọmọ ogun tí kò ní ibojì tí a mọ̀ sára òpó, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà lára wọn. Ìyẹn ni ti ogun àgbáyé kejì. Ti ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ní 2021, àjọ Commonwealth tó ń tọ́jú ibojì ogun gbà ní gbangba pé ó ṣeé ṣe kó tó 350,000 ènìyàn, Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, tí a kò fi orúkọ ṣèrántí wọn tàbí tí a kò ṣèrántí wọn rárá. Aláàárù ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn àgbà Èkó tó wà níhìn-ín rántí ère tí a ń pè ní Sójà Ìdúmọ̀tà. Ó dúró níbẹ̀ fún ìrántí wọn títí wọ́n fi ṣí i kúrò ní àwọn ọdún 1970. Ó kéré tán, Sójà Ìdúmọ̀tà wà lójú ọjà, níbi tí aláàárù ti ń kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Ibẹ̀ yẹ ẹ́.

Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún kò ná owó. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní 1968 ti ń sún mọ́ 80 báyìí. Kò sí ẹni tó ja ogun Bọ́mà mọ́ láàárín wa, tàbí kó jẹ́ ọ̀kan, méjì. Àwọn ti ogun abẹ́lé ṣì wà, àwọn tó lọ sí Liberia àti Sierra Leone pẹ̀lú ECOMOG, ẹgbẹ́ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní àwọn ọdún 1990 wà, àwọn tó ti ìhà Borno dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan wà ní bárékè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ọ̀dọ́ tó wà ní ìjókòó yìí. Kí olúkúlùkù yín jókòó ti ẹnì kan, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, Yorùbá, Igbo, Ègùn, Píjìn, èyíkéyìí. Kí àwọn iléèwé wa níbí gba ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé ìkàwé wọn.

Ẹ má kọ́kọ́ bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n pa. Ìbéèrè yẹn ń tilẹ̀kùn mọ́ ẹnu, mo ti rí i lójú àwọn tí wọ́n bi í. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń jẹ. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rù, ó wúwo tó báwo, ta ni wọ́n jọ rù ú. Ẹ bi wọ́n bóyá bàtà bá ẹsẹ̀ wọn mu. Ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ lẹ́tà sílé fún wọn. Kí ẹ tó dìde, ẹ bi wọ́n pé abúlé wo ló fún wọn lómi, kí ẹ sì kọ orúkọ abúlé náà sílẹ̀ dáadáa.